Ṣé O Mọ̀? Ọ̀kẹ́rẹ́ Pupa àti Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ọ

Ṣé o mọ̀ pé àlejò ni ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń sáré kiri nínú àwọn pákì ìlú London, èyí tó ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọdé láìbẹ̀rù? Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Peckham tàbí Manchester mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, òun nìkan sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí rí. Àwọ̀ eérú ló ní, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Bírítéènì, pupa ni. Ó kéré, kì í sábà wúwo ju 350 gíráàmù lọ, nígbà tí àlejò yẹn lè tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí òtútù bá dé, irun gígùn á yọ ṣóńṣó sórí etí rẹ̀. Bí ooru bá padà, irun náà á rẹ̀ dànù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló fi jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà nínú igbó ibẹ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹranko tó ń jẹ́ Mammal Society ṣírò iye tó kù: pupa bí 287,000, eléérú 2,700,000. Nínú àwọn pupa yẹn, nǹkan bí 239,000 ló wà ní Skọ́tlándì. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pé 40,000, ti Wéèlsì kò sì tó 10,000.

Ta wá ló kó àlejò dé? Àwọn olówó ni. Ní 1876, Thomas Brocklehurst tú ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ní Henbury Park, ní Cheshire, kí ọgbà náà lè dùn-ún wò. Lẹ́yìn rẹ̀, Duke ti Bedford kó tirẹ̀ sí Woburn, ó sì ń fi wọ́n ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ káàkiri ilẹ̀ náà. Ní Írẹ́lándì, ibi ìgbéyàwó kan ní Castle Forbes ní 1911 ni wọ́n gbé wọn wá, tí wọ́n fi wọ́n ṣe ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ọjọ́ kan ni gbogbo erékùṣù náà ṣì ń san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti fìgbà kan pa pupa bí ẹni ń pa ọ̀tá? Ọdún 1903 ni Beatrix Potter gbé ìwé ọmọdé rẹ̀ jáde lórí Nutkin, ọ̀kẹ́rẹ́ pupa aláfojúdi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn títí dòní. Ọdún 1903 yẹn kan náà ni àwọn onílẹ̀ ní òkè Skọ́tlándì dá Highland Squirrel Club sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pípa ọ̀kẹ́rẹ́ pupa lọ, torí pé ó ń bó èèpo àwọn igi tí wọ́n gbìn fún gẹdú. Wọ́n ń san owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín nǹkan bí ogójì ọdún, wọ́n pa ju 80,000 lọ.

Nígbà tí ojú wọn fi là sí ewu eléérú, ó ti pẹ́ jù. Ní 1937 ìjọba fòfin de kíkó eléérú wọ̀lú àti sísìn ín. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n tún dán nǹkan mìíràn wò: ẹni tó bá mú ìrù eléérú wá, ṣílè kan ni tirẹ̀. Owó lọ, ìrù pọ̀ nílẹ̀, eléérú sì ń tàn síwájú. Mo gbà pé ètò náà kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tí ìrù ẹranko ń mú owó wọlé fún kò ní fẹ́ kí ẹranko náà tán nínú igbó.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í sábà bá ara wọn jà? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni eléérú ń lé pupa bù jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ló fi ń ṣẹ́gun rẹ̀. Eléérú lè jẹ èso igi óòkù nígbà tí kò tíì gbó, inú rẹ̀ kò sì ní dàrú. Pupa ò lè dá irú rẹ̀ láṣà; àfi kó dúró kí èso gbó. Kí àkókò yẹn tó dé, igi ti ṣófo. Ebi yẹn kì í pa àgbà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n abo tí kò yó kì í bímọ tó bó ṣe yẹ, èyí tó bá sì bí kì í rọrùn tọ́. Láìsí ariwo, láìsí òkú nílẹ̀, pupa á tán nínú igbó kan láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bí àrùn bá wá wọ̀ ọ́, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí eléérú ń gbé kiri nínú ara rẹ̀, tí kò sì ń ṣe é ní nǹkan kan. Bí ó bá ran pupa, egbò á bo ìpéǹpéjú, ẹnu àti ọmọ ìka rẹ̀, kò ní ríran, kò ní lè jẹun, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì sábà máa ń gbà kó tó kú. Ní Formby, etí òkun kan nítòsí Liverpool tí àwọn òbí ti máa ń kó ọmọ wọn lọ wo ọ̀kẹ́rẹ́ pupa, àrùn yìí jà ní 2007 sí 2008. Ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá ló kú. Àwọn ará àdúgbò kò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń rin inú igbó náà kiri, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n ń mú eléérú tó bá sún mọ́ ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Liverpool sì wá rí i pé díẹ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́ kù ti kó àrùn náà rí, wọ́n sì là á já. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń sáré lórí igi páìnì Formby padà.

Ìtàn tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Anglesey, erékùṣù ńlá tó wà ní àríwá Wéèlsì, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Ynys Môn. Ní 1998, pupa tó kù ní gbogbo erékùṣù náà kò ju bí 40 lọ, inú igbó kan ṣoṣo nítòsí Pentraeth ni gbogbo wọn sì há sí. Eléérú ló gba ìyókù. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n orí nígbà yẹn ì bá ti sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọdún yẹn gan-an ni iṣẹ́ mímú eléérú kúrò bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ ẹranko kan, Craig Shuttleworth, ló ń fi ìmọ̀ darí rẹ̀, àwọn ará erékùṣù sì yọ̀ǹda ara wọn. Àgbẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn oko rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Onílé gbà kí wọ́n gbé pàkúté sẹ́yìnkùlé òun. Ẹni tó rí eléérú lójú ọ̀nà ń tẹ̀ wọ́n láago. Abúlé kan tẹ̀lé òmíràn, igbó kan tẹ̀lé òmíràn, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ dáadáa kí wọ́n tó mú eléérú kúrò ní erékùṣù náà.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Nígbà tí ẹranko bá ti ku 40, ìbátan ni gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ń pín. Nítorí náà, láti 2004, wọ́n mú pupa tí wọ́n sìn nínú àgọ́ wá sínú igbó Newborough, ní apá kejì erékùṣù náà, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè wọ inú ìdílé. Lónìí, pupa tó wà ní Anglesey ju 700 lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti sọdá omi òkun Menai lọ sí ẹ̀gbẹ́ Bangor, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí pupa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayọ̀ yẹn kò pẹ́ púpọ̀: ní ìparí 2020 àrùn jà ní agbègbè Bangor, ó sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti sọdá. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi sinmi. Afárá méjì ló so Anglesey mọ́ ìyókù Wéèlsì, eléérú kan péré tó bá gba ibẹ̀ kọjá lè ba iṣẹ́ tó ju ogún ọdún lọ jẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé irun ni wọ́n fi ń dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí eléérú? Bí o bá wọ inú igbó, o lè rí èso páìnì tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti họ tán, tí ó ku igi àárín rẹ̀ nìkan. O lè gbójú sókè rí ìtẹ́ rẹ̀ láàárín ẹ̀ka. Kò sí èyí tó lè sọ fún ọ bóyá pupa ló ni ín tàbí eléérú, torí bákan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹun, bákan náà ni wọ́n ń kọ́lé. Àwọ̀ wọn pàápàá ń tan èèyàn: eléérú lè ní irun pupa lẹ́yìn, pupa sì lè dúdú bí èédú. Ohun tí àwọn olùyọ̀ǹda ń ṣe ni pé wọ́n á so àpótí oúnjẹ mọ́ ara igi, wọ́n á lẹ nǹkan alẹ̀mọ́ra sábẹ́ ìdérí rẹ̀. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ki orí bọ ibẹ̀ láti mú ẹ̀pà, irun díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á padà wá ṣí i, wọ́n á kó irun náà lọ sábẹ́ awò amúǹkan-tóbi. Ní Skọ́tlándì, ètò Saving Scotland's Red Squirrels, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, máa ń ṣe èyí lọ́dọọdún nígbà ìrúwé, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ igbó lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wà lára àwọn tó ń ṣe é, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, tọkọtaya tó ń rìn pẹ̀lú ajá wọn ní òwúrọ̀ Sátidé wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn. Láti inú irun tí wọ́n kó jọ ni wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ tó ń fi hàn ibi tí pupa ń padà sí àti ibi tí eléérú ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí kò ní ògo kankan nínú, mo sì bọ̀wọ̀ fún un ju gbogbo rẹ̀ lọ: fífọ àpótí oúnjẹ. Ibi tí ọ̀kẹ́rẹ́ púpọ̀ ti ń fẹnu kan ohun kan náà ni àrùn ti ń ràn. Nítorí náà wọ́n ń kó àpótí sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á so ó padà, nínú òjò àti nínú yìnyín. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àrùn ti wọ agbègbè kan, wọ́n á kó gbogbo àpótí kúrò pátápátá, kí àwọn ẹranko náà lè tú ká. Ó máa ń dun àwọn tó ti ń fún wọn lóúnjẹ láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá. Èmi ò ní fò ó. Láti dá pupa sí, wọ́n ń pa eléérú. Pàkúté tó ń mú ẹranko láàyè ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ ó kéré tán. Bí pupa bá wọ inú rẹ̀, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un lójú ẹsẹ̀. Bí eléérú bá wọ̀ ọ́, òfin kò gbà kí wọ́n tú u sílẹ̀ padà; wọ́n á pa á kíákíá kó má bàa jẹ̀rora. Àwọn kan ní Bírítéènì kórìíra èyí gidigidi, wọ́n ní eléérú kò mọ ọwọ́ mẹsẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe kó baba ńlá rẹ̀ wá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ igbó tí wọn kò bá ti mú eléérú kúrò, pupa ibẹ̀ ń tán lọ, ẹ̀mí méjèèjì kò sì lè wà níbẹ̀ pa pọ̀. Ìdí tí mo fi dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn olùyọ̀ǹda nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn ẹranko ju bí a ṣe lè rò lọ, wọn kò sì gbé ẹrù náà lé ẹlòmíràn lórí.

Aberdeen fi hàn gbangba pé mímú eléérú kúrò ń so èso. Ìlú epo rọ̀bì ni, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń gbé ibẹ̀. Eléérú ti gba inú ìlú náà tẹ́lẹ̀, ó sì jìnnà pátápátá sí ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù wà ní gúúsù. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún onílé gba pàkúté sínú ọgbà wọn. Ọdún ń gorí ọdún, eléérú ń dínkù, títí ó fi wá ṣọ̀wọ́n, pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú àwọn pákì àti ọgbà inú ìlú gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé pupa lè fi orí sọ̀kalẹ̀ láti orí igi? Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yí padà. Ó tún máa ń fi olú há ẹ̀ka igi kí ó gbẹ, oúnjẹ ìgbà òtútù rẹ̀ nìyẹn, torí kì í fi oorun la ìgbà òtútù já bí àwọn ẹranko kan ti ń ṣe.

Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ gígun igi tó ní, ilẹ̀ gbalasa ń bà á lẹ́rù. Kì í fẹ́ la pápá tí kò ní igi kọjá. Ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì, igbó àtàtà wà tí kò ní eléérú, tí kò ní àrùn, tí kò sì ní pupa kankan, torí pé kò sí igi tí yóò gbà dé ibẹ̀. Láti 2016 ni ẹgbẹ́ Trees for Life ti ń gbé wọn lọ. Wọ́n á mú díẹ̀ níbi tí wọ́n ti pọ̀ ní agbègbè Inverness àti Moray, dókítà ẹranko á yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á fi wọ́n sínú àpótí onígi tí koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àti èso tó ní omi nínú. Nígbà tí wọ́n bá dé igbó tuntun, wọ́n á kan àpótí náà mọ́ igi, wọ́n á fi koríko dí ẹnu rẹ̀. Bí ọkàn ọ̀kẹ́rẹ́ bá balẹ̀, yóò fúnra rẹ̀ ti koríko náà sẹ́yìn, yóò jáde. Lẹ́yìn náà, àwọn ará abúlé ló ń fún wọn lóúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ló sì ń kọ ìròyìn pé wọ́n ti rí ọmọ.

Nítorí ọ̀nà mọ́tò tó pín igbó sí méjì, àwọn ẹgbẹ́ kan ń ta okùn láti igi kan sí èkejì lókè títì. Ó wà ní erékùṣù Arran, ó wà ní àwọn ibòmíràn pẹ̀lú, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń gbà á kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rẹ́ pupa tó lágbára jù lè jẹ́ ẹranko tó ń jẹ ẹ́? Pine marten ni wọ́n ń pè é: ó gùn, ó tín-ínrín, ó ní irun púpọ̀, ó sì mọ igi gùn. Wọ́n ti pa á run ní ọ̀pọ̀ ibi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òfin dáàbò bò ó ní Írẹ́lándì tó sì padà pọ̀, àwọn èèyàn àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ò rí eléérú mọ́. Emma Sheehy ṣèwádìí rẹ̀, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2014: òótọ́ ni, níbi tí pine marten bá ti pọ̀, eléérú ń tán, pupa sì ń padà. Àwọn baba wa ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Pupa fúyẹ́, ó lè sá dé orí ẹ̀ka tínínrín tí ọdẹ yìí kò lè tẹ̀. Eléérú wúwo, ó sì ń rìn nílẹ̀ púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Queen's University Belfast tún fi òórùn pine marten sí ibi oúnjẹ: pupa gbóòórùn rẹ̀, ó sá, eléérú ń jẹun lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni pupa fi bá ọdẹ yẹn gbé, eléérú kò mọ̀ ọ́n rí.

Kì í ṣe gbogbo ewu ló ń wá láti ọ̀dọ̀ eléérú. Lórí erékùṣù Brownsea, ní Dorset, nǹkan bí igba pupa ló ń gbé láìsí eléérú kankan. Ní 2016, àwọn onímọ̀ rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ lára díẹ̀ nínú wọn, irú èyí tó ń ṣe àwọn èèyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tí kò sì sí mọ́ láàárín wọn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn àlejò ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò wọ́n, ewu rẹ̀ fún èèyàn kéré púpọ̀.

Ìwádìí kan sì ń lọ lọ́wọ́ tí mò ń retí èsì rẹ̀ gidigidi. Àwọn onímọ̀ ìjọba ń ṣe oògùn tí kò ní jẹ́ kí eléérú bímọ, ẹ̀pà hazel lílọ̀ ni wọ́n fẹ́ pò ó mọ́. Kí pupa má bàa jẹ ẹ́, wọ́n ṣe àpótí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fi ìwúwo ṣiṣẹ́: eléérú á ṣí i, pupa fúyẹ́ jù. Bí ó bá yọrí sí rere, pípa á dínkù, àwọn tó ń gbé pàkúté kiri ni yóò sì kọ́kọ́ yọ̀.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Aberdeen, Dundee, Carlisle, Newcastle tàbí Belfast, ó ṣeé ṣe kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nítòsí yín. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí ọ̀kẹ́rẹ́, ì báà jẹ́ pupa tàbí eléérú, ẹ fi ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹ bá ń gbé oúnjẹ fún ẹyẹ nínú ọgbà, ẹ máa fọ àwo rẹ̀ déédéé. Ẹ rọra wakọ̀ lójú ọ̀nà tó la igbó kọjá. Bí ẹ bá sì rí pupa tí egbò wà lójú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kó oúnjẹ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì pe ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.